Mọ́tò Tó Dàgbà Ju Bàbá Lọ

Bàbá lánlọ́ọ̀dù mi àkọ́kọ́ ní Pendleton, nílùú òyìnbó, kì í wọ mọ́tò wọn láìkọ́kọ́ kí i. Wọ́n á fọwọ́ nu bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n á ní, "Ẹ káàárọ̀, mà." Mustang pupa ni, ọkọ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́ tó ti dípẹtà kí wọ́n tó fọwọ́ ara wọn tún un ṣe. Tí mo bá rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Wọ́n dàgbà jù mí lọ. Ta ló ń pe àgbà ní 'ìwọ'?"

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, òun ni wọ́n fi ń gbé mi lọ síbi iṣẹ́ ní Trafford Park. Láàárọ̀ òtútù kan, kò sítáàtì. Mo ní, "Kí ló tún ń ṣe ẹ́, jàre?" Bàbá yọ kọ́kọ́rọ́.

"Bẹ̀ wọ́n."

"Ẹ má bínú, mà."

Bàbá ki kọ́kọ́rọ́ padà, wọ́n yí i, ni mọ́tò bá bú ramúramù.

Orúnkún ò jẹ́ kí Bàbá wakọ̀ mọ́, wọ́n ti tà á. Tí mo bá lọ kí wọn, wọ́n á ní, "Ilé dákẹ́ jù. Mọ́mì ò sí ńlé." Mustang yẹn ni wọ́n ń pè ní Mọ́mì.

Èmi náà ti ra Toyota kékeré kan. Mo dàgbà jù ú lọ dáadáa. Síbẹ̀, kí n tó yí kọ́kọ́rọ́, mo máa ń sọ pé, "Ẹ káàárọ̀, sà." Bàbá tó gbé mi nígbà tí mi ò mọ̀nà ni mò ń kí.