Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Tí Tíṣà Ní Ká Dà Nù

Láìpẹ́ yìí tí ọkọ̀ wa dúró ní Ìkirè, òórùn dòdò aláta gba ojú fèrèsé wọlé, omi sì bọ́ lójú mi. Mo ní ata ni.

Ọdún tí bàbá mi kú náà ni ìjọba gé kòkó wa pé ó ní àrùn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n pe orúkọ ìyá mi sókè pé kó wá gba gààrí àwọn aláìní. Kò fọwọ́ kàn án. Ó ní òun kì í ṣe alágbe. Ebi sì ń pa wá.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, tíṣà ìjọ gbé apẹ̀rẹ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà wá. Ó ti dúdú bí èédú.

"Ìyá Àjàyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi da èyí nù."

"Tíṣà, ṣé ilé yín ò ní ààtàn ni?"

"Ààtàn wa ti kún, mà."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. Kò dà á nù. Ó gún ata àti iyọ̀ mọ́ ọn, ó dín in nínú epo. Òórùn rẹ̀ dá lọ́rì kòkó tó ń bọ̀ láti Àpòmù dúró kí dẹ́rẹ́bà tó tẹ bíréèkì. Bí mo bá parọ́, kí n má jẹ dòdò mọ́. Dẹ́rẹ́bà ra gbogbo rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni tíṣà ń gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti bàjẹ́ wá. Mo rò pé ọ̀lẹ ni. Mo ti dàgbà kí ìyàwó rẹ̀ tó sọ fún mi pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó dára ni àwọn ará ìjọ ń kó jọ, òun ló ń dì í sínú àpò títí yóò fi dúdú, kí ìyá mi lè gbà á.

Nígbà ìkórè ìjọ ní ọdún tí bàbá mi kú yẹn, ìyá mi gbé abọ́ dòdò kan lọ síwájú pẹpẹ, ó ní kí wọ́n fún ẹni tí ebi ń pa. Tíṣà ló kọ́kọ́ nawọ́.