Ìkànnì Tó Fẹ́ Ka Ọmọ Màámi

Ó pẹ́ tó ti ń bí mi nínú pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni àwọn ilé ìwòsàn máa ń kọ sórí ìkànnì wọn, bí ẹni pé ẹni tí kò gbọ́ ọ kì í ṣàìsàn. Nígbà tí ọ̀kan ní Ìkòtún fi Yorùbá sí tiwọn, mo sáré gbé fóònù fún Màámi kí wọ́n fi forúkọ sílẹ̀.

Wọ́n ń kà á geere títí wọ́n fi kan: "Ọmọ mélòó lẹ bí?"

Ojú wọn yí padà. "A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ!"

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n tẹ márùn-ún jàre.

"Àbí ìwọ lo bí wọn? Kọ ọ́ pé wọ́n pọ̀, Ọlọ́run ló ń wò wọ́n."

Mo kọ ọ́. Ìkànnì kọ̀ jálẹ̀, nọ́ńbà ló fẹ́. Mò ń bá fóònù jà, Màámi ń bá èmi jà.

A kúkú gbéra lọ síbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní, "Màmá, àwọn ọmọ ńkọ́?" Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, tàdúrà-tàdúrà. Nọ́ọ̀sì ń ṣe àmín, ṣùgbọ́n mo rí ọwọ́ òsì rẹ̀ lábẹ́ tábìlì: àmín kan, ìka kan.