Iye tí Epo Kò Gbọdọ̀ Lọ Sílẹ̀ Jù

Bí mo bá wálé láti Ìbàdàn, ọ̀dọ̀ ìyá mi lọ́jà Ìlá ni mo máa ń jókòó sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé epo pupa tó ń tà kì í jẹ́ kí aṣọ mi padà sílé ní mímọ́. Lásìkò tí epo bá pọ̀, òun àti àwọn obìnrin tí ìsọ̀ wọn jọ wà ní ìlà kan náà máa ń fẹnu kò láàárọ̀ lórí iye tí kẹ́ẹ̀gì kan kò gbọdọ̀ lọ sílẹ̀ jù. Ẹni tó bá tà jù bẹ́ẹ̀ lọ, orí ẹ̀ ló gbè é. Ẹni tó bá tà á wálẹ̀, ó ti ba ọjà jẹ́ fún gbogbo wọn.

Lọ́dún tó kọjá, alágbàtà kan gbé ọkọ̀ akẹ́rù wá láti Èkó. Iye tó fẹ́ fi ra kẹ́ẹ̀gì kan kéré jọjọ. "Kò gbà," ni wọ́n ń dá a lóhùn láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Ó wá dúró lọ́dọ̀ obìnrin kan tí kò tíì pẹ́ lórí ìlà náà. Ọmọ rẹ̀ wà ní ọsibítù, wọ́n sì ní kó tètè mówó oògùn wá. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ méjèèjì síwájú.

Àánú ṣe mí. "Màámi, ẹ jẹ́ kó tà á, ẹ jọ̀ọ́."

"Panu mọ́ jàre. Bó bá tà á báyìí, iye tí gbogbo wa ó máa gbà nìyẹn. Kí ni òun náà ó fi tọ́jú ọmọ ọ̀hún lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀?"

Inú bí mi. Mo rò pé ọjà ti sọ ọ́ di ọ̀dájú. Àṣé ó ti ń tú owó nídìí ìró. "Ìyá ọmọ, kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀? Ẹni tí kò bá lè dúró, ṣebí àwa la máa ń rà á lọ́wọ́ ẹ̀!"

Ó ra kẹ́ẹ̀gì kan ní iye tí wọ́n fẹnu kò sí, kò yọ kọ́bọ̀. Ta ló ra èkejì? Obìnrin tí òun àti màámi kì í kí ara wọn! Ọlọ́kadà gbé ìyá ọmọ lọ, alágbàtà poṣé, ó wakọ̀ lọ. Orí mi wú, ṣùgbọ́n ẹ̀rù epo tó kù nílẹ̀ bà mí.

"Bí ò bá padà, a ó fi din dòdò," ni màámi wí.

Nírọ̀lẹ́, alágbàtà náà padà. Ìsọ̀ ìyá ọmọ yẹn ló kọ́kọ́ lọ, ó ń wò yíká.

"Ó wà lọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀," ni màámi dá a lóhùn. "Kẹ́ẹ̀gì mélòó lẹ fẹ́?"