Bàbá Ọlọ́dà Kun Ilé Ìdáná

Bí ẹ bá rí ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n kọ "Ẹ̀ Ń SỌ, À Ń LỌ" sẹ́yìn rẹ̀ gàdàgbà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iṣẹ́ Bàbá Ọlọ́dà. Láti ìgbà èwe ló ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì kọ ọ̀rọ̀ sára ọkọ̀ fún àwọn awakọ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣítí ni o, ọ̀rọ̀ ìhàlẹ̀ ni o, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni o, kò sí èyí tí kò lè kọ. Àmọ́ ẹ ní kó fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ọ̀kan níbẹ̀! Á kàn dorí kodò, á máa ha ọ̀dà kúrò lábẹ́ èékánná ni.

Ìyàwó ẹ̀ lọ bá àkọ́bí wọn obìnrin tọ́jú ọmọ tuntun. Ó ní òun ò ní pẹ́. Ọmọ tuntun ti ń hu eyín báyìí, ìyá àgbà ò tíì dé. Bí wọ́n bá pe ara wọn lórí fóònù, Bàbá Ọlọ́dà á ní, "Ọmọ ńkọ́?" Ìyàwó á ní, "Ọmọ wà." "Eyín ńkọ́?" "Eyín ń jáde." Ó parí nìyẹn. Ìgbà kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ gùn díẹ̀, ilé ìdáná ọmọ wọn ni obìnrin náà ń ròyìn: ògiri funfun, kọ́bọ́ọ̀dù funfun, omi gbígbóná lẹ́nu ẹ̀rọ. "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fi ògiri ẹ̀ wojú!"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ bàbá lára. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó wo ilé ìdáná tiwọn. Èéfín ti sọ àjà di dúdú, epo ti lẹ̀ mọ́ ògiri, ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù kan ti bọ́ lápá kan, ó ń rọ̀ dirodiro. Háà! Ó ní òun ti rí ohun tó lé ìyàwó òun lọ.

Nígbà tí obìnrin náà wá pè pé òun ń bọ̀ ní Sátidé wá kó àwọn aṣọ òun tó kù, àyà bàbá já. Aṣọ tó kù kẹ̀? Ẹni tó bá ti kó aṣọ tó kù, kí ló tún fẹ́ padà wá ṣe? Ó pinnu pé ilé ìdáná gbọ́dọ̀ dùn ún wò kí Sátidé tó dé, kí obìnrin náà lè dúró. Àmọ́ owó kọ́bọ́ọ̀dù tuntun ò sí, ti ọ̀dà funfun ò sí. Ohun tó wà nílẹ̀ ni ìsàlẹ̀ agolo ọ̀dà tó ṣẹ́kù lára iṣẹ́ ọkọ̀.

Ká má parọ́ mọ́ ọn, ó ṣiṣẹ́. Ó fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ epo ara ògiri títí apá fi ń ro ó. Ó fi sáńpépà ha àwọn ilẹ̀kùn, ó kan èyí tó ń rọ̀ padà, ó sì yọ ọwọ́ ilẹ̀kùn lára ọkọ̀ kan tó ti kú, ó fi ṣe ọwọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Ìgbà tó wá kan ọ̀dà leré bẹ̀rẹ̀. Pupa tán ní ìdajì ògiri, ó gbé àwọ̀ ọsàn. Ọsàn tán, ó gbé búlúù. Ó ha ìwọ̀nba pupa àti funfun tó lẹ̀ mọ́ ìdí agolo, ó fi fa ilà yí etí tábìlì ká, bí wọ́n ṣe ń ṣe é sí ìdí ọkọ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa forí sọ ọ́ lóru. Lẹ́yìn náà ló wo àwọn ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù tó mọ́ tónítóní, tí kò sí ọ̀rọ̀ kankan lára wọn. Ẹni tó ń fi kíkọ jẹun, ṣé ẹ rò pé ó lè fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ó kọ "ṢỌ́RA, ẸRÙ WÚWO" síbi tí ìkòkò ń gbé. Ó kọ "MÁ SÚN MỌ́ MI JÙ" síbi ọ̀bẹ. Ara fìríìjì ló kọ "OJÚ RÍ, ẸNU DÁKẸ́" sí.

Káfíńtà àdúgbò, tó yá a ní sáńpépà, yọjú wò ó.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé ìdáná ni àbí ọkọ̀ akẹ́rù? Ó ku kẹ́ ẹ fi táyà sí i, kó máa lọ."

"Ìyàwó mi ló ń bọ̀. Mi ò fẹ́ kó tún lọ mọ́."

"Ṣé ẹ ti sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn?"

"Ṣebí á fojú ara ẹ̀ rí i!"

Káfíńtà mi orí. "Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́ o, bàbá mi."

Nígbà tó lọ, ó ku ilẹ̀kùn kan, èyí tó ń rọ̀ tẹ́lẹ̀, níbi tí ìyàwó ń kó ife tíì rẹ̀ sí. Bàbá ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà. Búrọ́ọ̀ṣì gbẹ. Ó tún tì í bọ̀ ọ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó wá sí i lọ́kàn, ti àwọn awakọ̀ ni. Ó fi ilẹ̀kùn náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní Sátidé, obìnrin náà dé pẹ̀lú báàgì òfìfo lọ́wọ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Yéè! Ta ló wa ọkọ̀ wọ ilé mi?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó ka ọ̀rọ̀ ara fìríìjì, ó tún bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ kan ilẹ̀kùn tí kò ní ọ̀rọ̀.

"Èyí ńkọ́? Ọ̀dà ló tán ni?"

"Ọ̀dà ò tán. Mi ò mọ ohun tí màá kọ ni."

"Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ gbogbo ọ̀rọ̀ ayé sẹ́yìn ọkọ̀?"

Bàbá wo èékánná rẹ̀. Ó ti fọ̀ ọ́ mọ́ nítorí ìyàwó. Kò sí ọ̀dà tó máa ha.

"Ilé yìí ò dùn láìsí ẹ," ó ní. "Má kó aṣọ lọ. Jọ̀ọ́."

Obìnrin náà ò rẹ́rìn-ín mọ́. Omi ti lé sí i lójú.

"Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá pè, ohun tí mo ń retí nìyẹn. Eyín, eyín, eyín lẹ̀ ń béèrè! Mo rò pé ara tù yín tí mi ò sí nílé ni."

"Ilé ìdáná funfun wá ńkọ́?"

"Ta ló ń sọ ti funfun? Ohun tá a máa jọ sọ ni mò ń wá."

Bàbá Ọlọ́dà nawọ́ sí búrọ́ọ̀ṣì. "Jẹ́ kí n tètè kọ ọ́ síbẹ̀ nígbà náà."

"Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ẹnu ni kẹ́ ẹ máa fi sọ ọ́ fún mi."

Ó fi báàgì òfìfo kọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀ tó wà lára kọ́bọ́ọ̀dù, ó mú ife rẹ̀ jáde, ó ní kí bàbá gbé omi kaná.