Yẹ́lò Ìyá Rẹ̀

Ní ọ́fíìsì itẹ́ òkú, àwọn òkú nìkan ni kì í ráhùn. Gbogbo àwọn tó kù ló ń ráhùn, akọ̀wé tí wọ́n ń pè ní Aláwọ̀mẹ́rin ló sì ń gbọ́ ọ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Obìnrin náà ti lé ní ọmọ ọdún márùndínlọ́gọ́ta, ó sì máa ń wo èèyàn láti òkè gíláàsì ojú rẹ̀ bíi pé onítọ̀hún ní àlàyé kan láti ṣe. Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti fi ń pín ilẹ̀ fún àwọn tí kò ní í padà wá sọ bóyá ó tẹ́ wọn lọ́rùn.

Wọn ò dédé fún un ní ìnagijẹ yẹn. Àtẹ kan wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ tó kún fún àpótí kéékèèké, àpótí kan sì dúró fún ààyè sàréè kan. Tó bá ti pupa, ẹnì kan ti sùn síbẹ̀. Tó bá jẹ́ àwọ̀ ewé, ó ṣófo. Yẹ́lò ni ti ẹni tó ṣì ń mí, àmọ́ tó ti gba ààyè sílẹ̀ de ara rẹ̀. Àwọ̀ eérú ni ibi tí òkúta wà nísàlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ dá ara rẹ̀ lágara. Kò kọ ohunkóhun sínú àpótí kankan. Orúkọ àwọn èèyàn wà nínú ìwé ńlá kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù, àwọ̀ sì tó o láti fi mọ ohun tó kù.

Ọjọ́ Ajé ni wàhálà máa ń dé. Ní gbogbo ọjọ́ Ajé ni ọ̀gá máa ń na ọrùn wọlé pé, "Màmá, ààyè mélòó ló kù?" Aláwọ̀mẹ́rin á wá máa fi ìka ka àpótí aláwọ̀ ewé lójú kọ̀ǹpútà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ojú kọ̀ǹpútà náà fi dọ̀tí. Lọ́jọ́ kan, ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì rí iye mẹ́ta. Ọ̀gá rọra rẹ́rìn-ín, ó ní ilé iṣẹ́ kan ti fẹ́ gbé ẹ̀rọ tiwọn wá, kí màmá lè sinmi. Aláwọ̀mẹ́rin mọ irú ìsinmi tí wọ́n ń fúnni lọ́gbà yẹn dáadáa, kò sì tíì ṣe tán.

Ló bá búra pé kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni yóò máa kà á. Ó kọ́kọ́ kọ fọ́múlà. Kọ̀ǹpútà ka nọ́ńbà, ó ka ọ̀rọ̀, kódà ó ka àpótí tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá di ti àwọ̀, òdo ló ń gbé jáde. Obìnrin náà kọjú sí i bí ẹni tó ń bá ọmọ ọ̀dọ̀ wí.

"Ìwọ lo ń fi àwọ̀ yìí hàn mí. Ìwọ náà lo tún ń sọ pé o ò rí i?"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi ń wo fídíò ẹ̀kọ́ nígbà oúnjẹ ọ̀sán, tí ìrẹsì ń tutù níwájú rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti mọ̀ pé ohun tí èèyàn bá kọ sínú àpótí nìkan ni fọ́múlà ń rí. Àwọ̀ kò ju aṣọ tí àpótí wọ̀ lọ. Mákírò nìkan, ìyẹn àṣẹ tí èèyàn ń kọ ní ìlà-ìlà fún kọ̀ǹpútà, ló lè bi àpótí léèrè pé aṣọ wo ló wọ̀. Kọ̀ǹpútà ò tiẹ̀ mọ ohun tó ń jẹ́ pupa tàbí yẹ́lò. Nọ́ńbà gígùn kan ni àwọ̀ kọ̀ọ̀kan lójú tirẹ̀.

Àṣẹ tó kọ kò le. Tó o bá rí nọ́ńbà pupa, kọjá. Tó o bá rí nọ́ńbà yẹ́lò, kọjá. Eérú, kọjá. Èyíkéyìí mìíràn, ó ṣófo, kà á. Kí ó tó ṣẹ́jú, iye ti jáde. Orí rẹ̀ wú débi pé ó fi àṣẹ mìíràn kún un: kí mákírò wá ààyè òfìfo tó sún mọ́ géètì jù lọ, kí ó kùn ún ní pupa, kí ó sì tẹ ìwé jáde fún àwọn tó ń gbẹ́ sàréè. Ọ̀gá wò ó, ó ní, "Kò burú." Ọ̀gá yẹn kì í yin ẹnikẹ́ni, nítorí náà Aláwọ̀mẹ́rin fi yangàn délé fún ìyá rẹ̀.

Ìyá yìí ti pé ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ló ń gbé, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ. Ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn ni ọkọ rẹ̀ kú, wọ́n sì sin ín sábẹ́ igi kan nítòsí géètì. Lọ́jọ́ náà gan-an ni ìyá na ọwọ́ sí apá òsì ọkọ rẹ̀, ó ní, "Ibí yìí ni tèmi." Ọmọ rẹ̀ sì lọ kùn ún ní yẹ́lò. Láti ìgbà náà, gbogbo Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù ni ìyá máa ń lọ wo ààyè rẹ̀ bí ayálégbé tó fẹ́ kó wọlé. Oṣù tó kọjá, eèrà tó wọ ibẹ̀ ló wá fẹjọ́ wọn sùn ní ọ́fíìsì.

Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù ni wọ́n kọ́kọ́ lo àṣẹ tuntun náà. Ní aago mẹ́wàá, fóònù Aláwọ̀mẹ́rin dún.

"Ìwọ ọmọ yìí," ìyá rẹ̀ wí, "ta ló ń gbẹ́ ilẹ̀ ní yàrá mi?"

Ó wo àtẹ: apá òsì bàbá rẹ̀ ti di pupa. Ojú ẹsẹ̀ ló yé e. Nígbà tó fẹ́ kùn ún lọ́jọ́sí, yẹ́lò tó fi ń kun ti gbogbo ayé kò tẹ́ ẹ lọ́rùn fún ìyá rẹ̀. Ó le jù, ó ń ta sójú. Ó wá yẹ́lò mìíràn tó rọ̀ díẹ̀. Lójú èèyàn, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Lójú mákírò, nọ́ńbà wọn ò jọra, èyíkéyìí mìíràn sì ti di òfìfo. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.

Nígbà tó sáré débẹ̀, ìyá rẹ̀ ti jókòó sórí korobá lẹ́bàá kòtò. Ọ̀gá àwọn tó ń gbẹ́ sàréè, Baba Ṣọ́bìrì, dúró tì í, òógùn bò ó.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Aago mọ́kànlá ni olóòkú ń bọ̀."

"Kó máa bọ̀. Tó bá dé, á bá mi nílé."

Ọ̀gá ọ́fíìsì ti gbé ìwé ńlá dé. Ó ṣí i, ó tún un ṣí, ó mi orí. "Orúkọ ìyá yín ò sí níbí. Ẹni tí orúkọ ẹ̀ ò bá sí nínú ìwé ò ní ààyè. Àwọn tó ń bọ̀ ní ìwé lọ́wọ́, èmi ni mo fọwọ́ sí i."

"Ọ̀gá, èmi ni mo ṣe é," Aláwọ̀mẹ́rin wí. "Àṣẹ tí mo kọ ni kọ̀ǹpútà tẹ̀ lé. Tí àwọn olóòkú bá gbà ká fún wọn ní òmíràn ńkọ́?"

"Tí wọ́n bá gbà. Tí wọn ò bá gbà, ìyá yín á dìde."

Aláwọ̀mẹ́rin lọ dúró de olóòkú ní géètì. Baba àgbà kan ló bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ìyàwó rẹ̀ ló fẹ́ sin. Aláwọ̀mẹ́rin kúnlẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́, ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, kò fi bò.

"Ta ló wá ni ààyè ọ̀hún?" baba náà béèrè.

"Ìyá mi ni, sà."

"Wọ́n ti kú?"

"Rárá o, sà. Wọ́n jókòó síbẹ̀."

Baba náà wò ó títí. Ẹ̀rín bá a láìròtẹ́lẹ̀, ó rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì pẹ́ kí omi náà tó dá. Ó ní ìyàwó òun kò fẹ́ràn ariwo ọkọ̀ nígbà ayé rẹ̀, kí wọ́n wá ibi tó jìnnà sí títì fún un. Baba Ṣọ́bìrì kùn bí oyin, ṣùgbọ́n ó lọ gbẹ́ òmíràn.

Nígbà tí wọ́n padà dé ọ́fíìsì, ìyá fa àga kan, ó jókòó.

"Ọdún mọ́kàndínlógún. Orúkọ àjèjì tó o kọ sínú ìwé yẹn ò lóǹkà. Kí ló dé tí tèmi ò fi sí níbẹ̀?"

Ọmọ rẹ̀ ò lè wò ó lójú. "Màámi, mo gbé bírò lọ́jọ́ náà. Ọwọ́ mi ò gbà á. Ó dà bíi pé tí mo bá kọ ọ́, èmi ni mo pa yín."

Ìyá sún àga rẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà.

"Ó dáa. Kọ ọ́ síbi tí ẹ̀rọ yẹn á ti rí i. Kọ ọ́ lójú mi."

Ọmọ kùn ún padà ní yẹ́lò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orúkọ ìyá rẹ̀ sínú àpótí, lẹ́tà kan tẹ̀ lé èkejì, ìyá sì ń pè é sí i létí: orúkọ àbísọ, oríkì, orúkọ bàbá rẹ̀. Nígbà tó ku kí ó tẹ bọ́tìnì tó máa fi í pamọ́, ọwọ́ rẹ̀ dúró, omijé gba ojú rẹ̀.

Ìyá na ìka rẹ̀ tó ti hunjọ, ó sì tẹ bọ́tìnì náà fúnra rẹ̀. Ó dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń retí nǹkan.

"Ṣé o rí i?" ó wí. "Mi ò kú. Dìde, ebi ń pa mí."