Màmá Fèrè àti Àwọn Ọmọ Tó Yó Jù

Ẹ̀gbọ́n mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ló ti ṣiṣẹ́ láyé rẹ̀, ariwo ọmọdé sì ti sọ ohùn rẹ̀ di ti sójà. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, mo rò pé yóò jókòó jẹ́ẹ́ kí etí èmi àbúrò rẹ̀ sinmi. Ó tì o! Ó so fèrè mọ́rùn, ó ní kí wọ́n máa kó àwọn ọmọ wá sí ọgbà ẹ̀yìn gbọ̀ngàn àdúgbò láàárọ̀ Sátidé. Wọ́n á sáré, wọ́n á fo okùn. Tí òógùn bá ti bò wọ́n, á gbé abọ́ ọsàn àti kárọ́ọ̀tì kalẹ̀. Kì í bẹ ọmọ kankan kó jẹun. Ó ní ọmọ tó bá ti sáré dáadáa, ẹnu rẹ̀ á wá oúnjẹ fúnra rẹ̀. Bó ṣe di Màmá Fèrè nìyẹn.

Wàhálà dé nígbà tí alága àdúgbò ní ọgbà yẹn dára fún ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ọkọ̀ tirẹ̀ gan-an ti wà níbẹ̀, níbi tó tẹ́jú jù. Ó ní òun á wá wòran ní Sátidé: bóun bá rí i pé eré yìí wúlò, káwọn ọmọ máa lo ọgbà lọ; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó di ti ọkọ̀.

Àyà mi já. Ẹ̀gbọ́n mi ń nu fèrè rẹ̀ ní tiẹ̀. "Jẹ́ kó wá," ló wí. "Á fojú ara ẹ̀ rí i."

Ẹ wá wo ohun táwọn ìyá ọmọ ṣe! Torí pé alága ń bọ̀, kò sí èyí tó fẹ́ kí wọ́n sọ pé ebi ń pa ọmọ òun. Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí wọ́n ti ń rọ búrẹ́dì àti ìrẹsì sáwọn ọmọ lẹ́nu, wọ́n wá fi bísíkíìtì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò lé e. Fèrè dún nínú ọgbà, kò sọ́mọ tó mira. Ọ̀kan ń yán, òmíràn ti sùn lọ. Ọmọ ìyá kan tó jẹ́ aránṣọ gbìyànjú, ó fo okùn lẹ́ẹ̀kan, ó bì sórí bàtà mi. Bàtà tuntun! Alága jókòó, ó ń wo aago.

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sáwọn ìyá. "Ta ló bọ́ àwọn ọmọ yìí yó tó báyìí?"

Aránṣọ wolẹ̀. "Màmá, a ò fẹ́ kójú tì yín ni."

"Ẹ ṣeun o. Ó yá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bọ́ wọn lẹ máa sáré. Ẹ bọ́ bàtà!"

Wọ́n rò pé àwàdà ni. Ó fọn fèrè sí wọn létí. Kíá, aránṣọ ti kó sínú okùn. Ìyá kan tó jẹ́ onídìrí tẹ̀lé e, ó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀. Àwọn tó ń sùn jí, ẹ̀rín pa wọ́n. "Ìyá mi ò mọ̀ ọ́n fò!" Ọmọ onídìrí bá dìde lọ kọ́ ìyá rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́sẹ̀. Òmíràn tẹ̀lé e. Kò pẹ́ tí tìyátọmọ fi ń sáré kiri ọgbà. Èmi náà fò. Ẹ má bi mí bí mo ṣe balẹ̀.

Nígbà tí abọ́ dé, àwọn ìyá ló kọ́kọ́ kì í mọ́lẹ̀. Àwọn ọmọ figbe ta pé tàwọn ni, wọ́n ń já kárọ́ọ̀tì gbà lọ́wọ́ wọn. Ọmọ tó bì sí mi ní bàtà jẹ ọsàn tán, ó tún ń bèèrè òmíràn. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé bàtà.

Bọ́ọ̀lù táwọn kan ń gbá wá há sábẹ́ ọkọ̀ alága. Gbogbo ọmọ dúró, wọ́n ń wò ó. Alága dìde, ó wọ ọkọ̀, ó ṣíná sí i. Mo ní, ó parí nìyẹn, ó ti ń lọ.

Ó gbé ọkọ̀ náà jáde síta, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ó wá fẹsẹ̀ rìn padà bọ̀ wá bá wa, bàtà rẹ̀ lọ́wọ́.