Kòtò Amọ̀ Ìyá Mi

Bí mo bá gbọ́ tí ẹnìkan ń pe ọ̀gá yẹn ní ọ̀mọ̀wé, mo máa ń pòṣé. Ọ̀mọ̀wé olè!

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀ ni mo rí iṣẹ́ ní ilé-ìwádìí ìjọba àpapọ̀ kan. Kẹ́místírì ohun tí kò lẹ́mìí niṣẹ́ wa: òkúta, iyọ̀, irin, amọ̀. A ó lọ̀ ọ́, a ó da ásíìdì lé e, a ó tì í bọ ìléru, ká lè mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá tí mò ń sọ yìí ló kọ́ mi. Mo gbọ́kàn lé e bíi bàbá.

Amọ̀kòkò ni ìyá mi, lọ́nà Èsìẹ́. Kòtò amọ̀ wọn wà létí odò. Obìnrin ló ni ín, ìyá ń fi lé ọmọ lọ́wọ́, ọkùnrin kì í tẹ ibẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo mú ọ̀gá wálé, ó jẹ iyán, ó lá ọwọ́, ó wá ní òun fẹ́ bu amọ̀ díẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Ó ní tó bá dára, ìjọba á kọ́ ìléru fún àwọn amọ̀kòkò, kòkò wọn ò ní máa fọ́ nínú iná mọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ ìyá mi kọ̀ jálẹ̀. Ìyá mi ní, "Ọmọ mi ló mú un wá. Ṣé ọmọ mi á tà mí ni?" Bí wọ́n ṣe gbà nìyẹn.

Nígbà tí a padà dé ilé-ìwádìí, amọ̀ náà jáde nínú iná, ó funfun báláú. Mo fò sókè! Irú amọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n, ó sì lówó lórí. Kò pẹ́ sí i, ọ̀gá fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ó ní ara òun ò yá.

Ọdún Àjíǹde tó tẹ̀lé e ni mo tún délé. Wáyà ẹlẹ́gùn-ún ni mo bá tí wọ́n fi yí kòtò amọ̀ ká, katakata ń walẹ̀. Mo bi ọlọ́dẹ ẹnu géètì pé ta ló ni ibẹ̀. Ọ̀gá mi ló dárúkọ.

"Wọ́n ti gbàwé àṣẹ ìwakùsà," ó ní. "Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe àwo tánganran ni wọ́n ń kó amọ̀ náà lọ fún."

Háà! Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Mo ṣépè, mo sunkún, mo tún ṣépè.

Àwọn èèyàn sì ti ń sọ kiri ọjà Òmù-Àrán pé mo pín nínú owó náà. Mo sáré délé, mo kúnlẹ̀: "Ìyá mi, ọwọ́ mi ò sí níbẹ̀ o!"

Ìyá mi ò bú mi. Wọ́n gbé àga síta fún mi, wọ́n bu omi sínú ife gíláàsì tí a fi ń ṣe àlejò. Mo gbé báàgì mi, mo fẹ́ wọ yàrá wọn bí mo ti máa ń ṣe. Wọ́n na ọwọ́ dí ẹnu ọ̀nà.

"Jókòó síbẹ̀," wọ́n ní. "Ìwọ̀nba ohun tó kù mí kù, mi ò fẹ́ kí o rí i."